Kí o tó fọwọ́ kan ráútà: ìbéèrè láti Ìkòròdú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìgbógbó, n'Ìkòròdú. Bí mo bá ti fọwọ́ kan sẹ́tíǹsì báyìí, gbogbo nǹkan á dàrú, àwọn tíṣà á bẹ̀rẹ̀ ariwo. Báwo lẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ àwọn tó ń darí bàálù ṣe ń ṣe é tí iṣẹ́ kì í dúró?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú. A kì í kọ́kọ́ dán nǹkan tuntun wò lórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ mìíràn tó jọ ọ́, tí kò sí bàálù kankan lábẹ́ rẹ̀, la fi ń dán an wò. Ohun tí a fẹ́ yí padà á wà lákọsílẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí i á wà, ọ̀nà tí a ó gbà dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà á wà. Òru tí bàálù ò pọ̀ la máa ń yàn, àwọn tó jókòó nídìí rédà á sì ti gbọ́ ṣáájú. Ká sòótọ́, ìwé kíkọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ arọ́pò ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ní 28 August 2023, ìwé ìrìnàjò bàálù kan, èyí tó ń sọ ọ̀nà tí bàálù máa gbà, wọ kọ̀ǹpútà àwọn tó ń darí bàálù ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibi méjì nínú rẹ̀ ló ní àmì kúkúrú kan náà, DVL: Deauville ní Faransé, àti Devils Lake ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tí ì bá mú. Kàkà kó ṣini lọ́nà, ó pa ara rẹ̀. Arọ́pò gba iṣẹ́. Sọ́fítíwìà kan náà ló wà nínú rẹ̀, ìwé kan náà ló sì gbé fún un, lòun náà bá kú. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú àáyá 20. Ọwọ́ ni wọ́n wá fi ń tẹ ìwé ìrìnàjò wọlé, ìrìnàjò àwọn èrò tó lé ní 700,000 sì dàrú.

Mélòó nínú wa ló ní ráútà méjì tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, tí jẹnẹrétọ̀ kan sì ń gbé méjèèjì? Ọ̀kan ṣoṣo lonítọ̀hún ní. Fi síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn sínú ìkejì. Kọ̀ǹpútà owó ilé ẹ̀kọ́ àti èyí tí àwọn ọmọ ń lò ò sì gbọdọ̀ pàdé lórí ìlà kan.

Nípa sẹ́tíǹsì, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí o kọ déètì sí i. Ẹyọ nǹkan kan ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o dán an wò kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Àárọ̀ Sátidé dára. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ò dára, torí àyè àtúnṣe ò sí mọ́.

Kí UPS sì kún kí o tó ṣe àpdéètì. Ráútà tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ láàárín àpdéètì lè má tàn mọ́.