Kílò 78 sí 66 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ dá ọmọ yẹn dúró ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún, ó ti ń ja gídígbò láti sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì mọ̀ ọ́n jà. Ní báyìí ó ní MMA (ìjà inú kéèjì tí wọ́n ti ń lo ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti gídígbò pọ̀) lòun fẹ́ máa jà bíi Kamaru Usman. Wọ́n ti bá a rí ìjà kan l'Ékòó, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, kílò 66 ni wọ́n ní kó wá jà, kílò 78 ló sì wà. Kóòṣì ẹ̀ ní kó máa mu àgbo jẹ̀dí láàárọ̀ àti lálẹ́, kó fi láílọ́ọ̀nù wé ara kó máa sáré, tó bá ti gun ìwọ̀n tán wọ́n á fa dírípù sí i lára, okun ẹ̀ á padà. Ẹ jọ̀ọ́, àgbo wo ló dáa jù tí ò ní jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́? Àdátán l'Abẹ́òkúta là ń gbé.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, kò sí àgbo kankan tí màá dárúkọ fún yín, ẹ má bínú sí mi. Ìbéèrè yìí ti sú mi. Látìgbà tí wọ́n ti ṣe Gateway Games, ìyẹn National Sports Festival, níbí ní 2025, táwọn ọmọ wa fojú ara wọn rí eléré ìdárayá láti ibi gbogbo, wọn ò yé bi mí kí ni kí wọ́n mu kí wọ́n lè fúyẹ́ kíákíá. Ẹ wá ń bi mí léyìí tó dáa jù nínú nǹkan tí ò dáa rárá. Ká tiẹ̀ fi àgbo sílẹ̀ ná, ta ló ní kẹ́ni tó wà ní kílò 78 lọ jà ní 66? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Wọ́n ti sọ fún ọmọ yẹn pé ọ̀rá ló ń bọ́ lára ẹ̀. Irọ́ ni jàre. Ọ̀rá kì í bá ìgbẹ́ jáde, kì í sì í bá òógùn jáde. Àgbo jẹ̀dí ò ṣe ju pé kó ṣí ìfun sílẹ̀, oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ á jáde, omi á tẹ̀lé e, iyọ̀ ara náà á bá a lọ. Láílọ́ọ̀nù yẹn, omi náà ló ń fà jáde. Tó bá wá gun ìwọ̀n, ìwọ̀n á ní kílò mẹ́rin ti lọ, gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tó gbé wá látilé ṣì wà níkùn ẹ̀ digbí. Omi ló sọ nù, omi inú ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ẹ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ á wá ki bí ògì tí wọn ò bu omi tó sí, ọkàn á máa fagbára tì í kó tó lè yí ara ká, kíndìnrín tó yẹ kó máa sẹ́ ìdọ̀tí ò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó gbà mọ́, tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀ á daṣẹ́ sílẹ̀. Potassium tún ń bẹ níbẹ̀, òun ni iyọ̀ ara tó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé, ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń gbé e lọ ni. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè ṣìnà lójijì, ẹni tó ń sáré á kàn ṣubú lulẹ̀.

Ti láílọ́ọ̀nù tún burú ju ìyẹn lọ. Òógùn tí afẹ́fẹ́ ò bá gbẹ kúrò lára ò lè mú ara tutù. Ẹ wá lọ fi láílọ́ọ̀nù dí i pa, nínú oòrùn Abẹ́òkúta yìí, lórí àwọn òkè tó jẹ́ àpáta lábẹ́, ooru á há sínú, ara á máa gbóná lọ. Tó bá ti kọjá 40 lórí tẹmọ́mítà, ọpọlọ ti wà nínú ewu nìyẹn. Ẹ tún jẹ́ n bi yín, kí ni jẹ́nótáìpù ẹ̀? AS pọ̀ láàárín wa, wọ́n á sì ti sọ fún un pé AS ò ní wàhálà kankan. Lóòótọ́ ni, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n AS tó ń sáré kíkankíkan nínú ooru láìsí omi lára, a ti rí irú wọn tó dá kú.

Ẹ má rò pé mò ń dẹ́rù bà yín lásán. Ní November àti December 1997, ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ yunifásítì mẹ́ta tó ń ja gídígbò kú láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀, kílò ni gbogbo wọn ń já, ìyẹn ni pé wọ́n ń dín ìwọ̀n ara wọn kù kíákíá. Ìkẹta wọn, Jeff Reese ti Yunifásítì Michigan, aṣọ rọ́bà ló wọ̀ nínú yàrá tí wọ́n mú gbóná, kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, ọkàn tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Àti pé àwọn yẹn ò mu àgbo kankan o. Torí ikú yẹn làjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì wọn ṣe fòfin dé aṣọ rọ́bà àti yàrá gbígbóná, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já ju ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ fún kílò 78: kílò kan àti díẹ̀ lọ́sẹ̀. Kílò 12 á gbà á ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ, ìyẹn tó bá tiẹ̀ ní ọ̀rá kílò 12 tó fẹ́ sọ nù lára, mo sì mọ̀ pé ọmọ tó ń ja gídígbò lójoojúmọ́ ò ní in. Ní MMA náà, December 2015, Yang Jian Bing, ọmọ Ṣáínà, kú ní Manila nígbà tó ń já kílò fún ìjà ONE Championship, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìjà MMA, ilé-iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ló yí òfin padà lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ̀yin á ní ṣebí àwọn ońjà ńlá ń ṣe é. Wọ́n ń ṣe é, mi ò ní parọ́ fún yín, dókítà àti ẹni tó ń wo oúnjẹ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì tún ń yí wọn lọ́wọ́. Ẹ wo Daniel Cormier. Òun ni kápútẹ́nì ikọ̀ gídígbò Amẹ́ríkà sí Olympics Beijing 2008, kílò 96 ló fẹ́ jà, kíndìnrín ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń já kílò, ọsibítù ló bá ara ẹ̀, kò ja ìjà kankan níbẹ̀. Nígbà tó wọ MMA ní 2009, ṣé ó lọ wá ìwọ̀n tó kéré ni? Rárá o. Ọ̀dọ̀ àwọn tó wúwo jù ló lọ, kò sì ga tó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ń gbé wọn lulẹ̀ ṣáá. Ó padà sọ̀ kalẹ̀ sí kílò 93 lóòótọ́, ó gba bẹ́líìtì níbẹ̀ ní 2015, àmọ́ ní July 2018 ó tún gòkè padà, ó lu Stipe Miocic dákú, ó gba bẹ́líìtì àwọn tó wúwo jù.

Usman tí àbúrò yín fẹ́ dà náà ńkọ́? Auchi ni wọ́n ti bí i, Amẹ́ríkà ló ti kọ́ gídígbò. Ní 2010 ó gba ipò kìíní láàárín àwọn yunifásítì Division II, ìpele póùn 174 ló wà, ìyẹn kílò 79. Bẹ́líìtì UFC, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣètò ìjà MMA, tó gbà ní March 2019, póùn 170 ni, kílò 77. Ẹ rí i báyìí? Láti gídígbò dé bẹ́líìtì, kílò méjì péré ni ìpele tó ń jà fi yàtọ̀, ọdún mẹ́sàn-án ló sì gbà á. Àǹtí, kílò 78 làbúrò yín wà! Ìpele Usman gan-an ló bá a mu, wọ́n wá fẹ́ fún un pa kó lè bá àwọn kékeré jà.

Ti dírípù, ẹ gbàgbé ẹ̀. UFC fòfin dè é ní 2015. Òfin WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti ògùn èèwọ̀ nínú eré ìdárayá, ní dírípù tó bá ju mìlílítà 100 lọ láàárín wákàtí 12, tí kì í ṣe ìtọ́jú ọsibítù, ẹ̀ṣẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ àpò dírípù kan tí wọ́n ń fà nílé kẹ́mísíìtì, 500 ni. Lasix àti ọ̀pọ̀ ògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ wà lórí ìwé ohun tí WADA kà léèwọ̀ náà. Àgbo ńkọ́? A ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, tí wọ́n bá sì rí nǹkan nínú ìtọ̀ ẹ̀, òun ni wọ́n á dá lẹ́bi, wọn ò ní wá ẹni tó sè é lọ sí Ìtòkú. Mi ò bá alágbo kankan jà o, màmá tó bí mi ń mu ún.

Nǹkan tó yẹ kí kóòṣì yẹn máa kọ́ ọ nìyí. Ní gídígbò, tẹ́yìn ẹ bá kan ilẹ̀ o ti pàdánù, torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń yára dojú bolẹ̀. Nínú kéèjì, tó o bá dojú bolẹ̀, ẹnìkejì á gun ẹ lẹ́yìn, á ki apá bọ ẹ lábẹ́ àgbọ̀n, á fún ẹ lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe mú Usman fúnra ẹ̀ nìyẹn ní 2013, nínú ìjà kejì tó jà bí ọ̀jáfáfá. Ó lọ kọ́ ọ, ó kọ́ ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn. Síbẹ̀, ní August 2022, ó ku bíi ìṣẹ́jú kan kí ìjà parí, òun ló ń lé iwájú, Leon Edwards ta á nípàá lórí, bẹ́líìtì lọ. Ẹni tí gbogbo omi ara ẹ̀ pé nìyẹn o.

Torí náà, kí wọ́n kọ 77 sórí ìwé tó fẹ́ fọwọ́ sí. Tí wọ́n bá kọ̀, kó má lọ, ìjà míì ń bọ̀. Kó dín láfún kù (mo mọ̀ pé Ẹ̀gbá ni yín), kó fi ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja kún un, kó máa gun ìwọ̀n láàárọ̀ kó tó jẹun. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV, hepatitis B àti C, jẹ́nótáìpù àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi ò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà, mi ò mọ àìsàn tó ní tàbí èyí tí ò ní, ohun tí mo kọ yìí ò dípò kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Tó bá sì ti mu nínú àgbo yẹn lónìí, ẹ wo ìtọ̀ ẹ̀. Tó bá dúdú bíi kóòkì, tí ò bá tọ̀ láti àárọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tàbí tí iṣan ẹsẹ̀ ń fà á, ẹ má kọ lẹ́tà sí mi mọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan yàtọ̀ sí omi, tí kò bá sì lè gbé omi mì dáadáa, ẹ má fún un rárá. Ẹ wá ọkọ̀, ẹ gbé e lọ sí Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, kẹ́ ẹ sì mú ìgò àgbo náà dání kí wọ́n lè rí ohun tó mu.