Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọ́ìlì ń jò nídìí Land Rover, ṣé síìlì ni àbí ṣíìmù?

Lẹ́tà tó dé lórí ásùlù Land Rover àtijọ́ pọ̀ lóṣù yìí, a sì mú mẹ́rin nínú wọn. Series II, IIA àti III, tí wọ́n ṣe ní Solihull láti 1958 títí di 1985, ni gbogbo àwọn tó kọ̀wé ń lò. Ásùlù Rover ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun la sì ní lọ́kàn nínú ìdáhùn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ti Salisbury, tó jẹ́ oríṣi ásùlù mìíràn, wà ní ìparí. Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí má baà sọnù: ásùlù ni irin gígùn tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, dífúrẹ́ńṣà ni àpótí gíà tó wà lára rẹ̀, síìlì ni òrùka tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́nu ọ̀pá, ṣíìmù sì ni òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣètò àlàfo.

Síìlì tuntun, ọ́ìlì ṣì ń jò

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Series IIA tí bàbá wa fi sílẹ̀ ń jo gíà ọ́ìlì níwájú dífúrẹ́ńṣà ẹ̀yìn, níbi tí puropẹ́là, ọ̀pá tó ń gbé agbára wá láti gíábọ́ọ̀sì, ti so mọ́ ọn. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ síìlì lẹ́ẹ̀mejì, kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a lọ ra odindi dífúrẹ́ńṣà tòkunbọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? — Olùkàwé, Ìbàdàn*

Ẹ má tíì náwó. Bí síìlì tuntun méjì bá jò tẹ̀léra wọn, ohun mìíràn ló ń bà wọ́n jẹ́, ohun náà sì lè máà ju owó péréte lọ.

Bírídà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn ihò kékeré tí ásùlù fi ń mí, tó wà lórí ásùlù fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, ọ́ìlì inú rẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ á sì fẹ̀. Bí ẹrọ̀fọ̀ bá ti dí bírídà, afẹ́fẹ́ yẹn ò ní rí ọ̀nà gbà jáde ju ẹnu síìlì lọ, á sì ti ọ́ìlì síwájú. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì mì í létí: bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dún. Bí kò bá dún lẹ́yìn fífọ̀, ẹ ra òmíràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ di fíláǹjì tí puropẹ́là so mọ́ mú, kí ẹ fà á sókè, kí ẹ tì í sísàlẹ̀. Kó máa yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kò burú, eyín gíà ló fà á. Bó bá ń mì lókè nísàlẹ̀ tàbí tó ń wọlé jáde, bíárìn píníọ̀n, ìyẹn gíà kékeré tí puropẹ́là ń yí, ti jẹ tàbí ó ti tú. Kò sí síìlì tó lè bá ọ̀pá tó ń jó dúró. Ẹ fo ìyókù ìdáhùn yìí, kí ẹ lọ sí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Bí kò bá mì, iṣẹ́ síìlì nìkan ni. Kí ẹ tó tú puropẹ́là, ẹ fi igi há táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwá lẹ́yìn. Bíréèkì ọwọ́ Land Rover wọ̀nyí kò sí ní táyà. Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ló wà, puropẹ́là ẹ̀yìn ló sì ń dì mú. Bí ẹ bá ti tú puropẹ́là báyìí, ọkọ̀ ò ní bíréèkì ọwọ́ mọ́. Ó ti ṣe àwọn ènìyàn léṣe.

Ẹ fi pẹ́ńtì sàmì sára puropẹ́là àti fíláǹjì kí wọ́n lè padà sí ojú kan náà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni, sípánà 9/16 ló ń tú wọn. Ẹ fa sípílíìtì pínnì, tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì àárín tú, yọ, kí ẹ fi bóòtù méjì so ọ̀pá irin pẹlẹbẹ mọ́ fíláǹjì kó má baà yí, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì ńlá àárín. Ẹ fa fíláǹjì jáde. Ẹ má fi òòlù gbá a: gbígbá yẹn á lọ tààrà sínú bíárìn, á sì ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí àṣírí ti máa ń tú rèé. Ẹ nu ọrùn fíláǹjì mọ́, níbi tí ètè síìlì ti ń fara kàn án, kí ẹ fi èékánná gba orí rẹ̀ kọjá. Bí èékánná bá há, síìlì àtijọ́ ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, inú kòtò yẹn sì ni ọ́ìlì ń gbà jáde lábẹ́ síìlì yòówù tí ẹ bá fi sí i. Ẹ̀rí fi hàn pé èyí ló jọ tiyín jù. Fíláǹjì tuntun ni àtúnṣe tó dájú. Awọ irin tín-ín-rín tí wọ́n ń tì wọ orí ọrùn náà dára pẹ̀lú. Bí ẹ ò bá rí méjèèjì, tí ilé síìlì sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má ti síìlì tuntun wọlé tán, ẹ ṣẹ́ nǹkan bí mílímítà kan tàbí méjì kù, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tí kò tíì jẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ̀gbẹ́ síìlì tó ní sípíríǹgì ni kó kọjú sí ọ́ìlì, ìyẹn sí inú. Ẹ fi ọ́ìlì pa ètè rẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù gáásíkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa etí òde rẹ̀, kí ẹ wá fi páìpù tó fẹ̀ tó etí òde náà gbá a wọlé dọ́gbadọ́gba. Àwọn dífúrẹ́ńṣà tó pẹ́ jù ní ilé síìlì tó dá dúró, tí bóòtù mú mọ́ wọn. Gáásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ilé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí eyín inú fíláǹjì pẹ̀lú. Ọ́ìlì máa ń gba àárín eyín yẹn jáde lábẹ́ nọ́ọ̀tì, àwọn ènìyàn á sì máa bú síìlì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀tì àárín ń fẹ́ 115 Nm, ìyẹn 85 lórí tọ́ọ̀kì sípánà tó ń ka pound-foot. Bí ihò pínnì kò bá bára mu, ẹ fún un síwájú sí i títí yóò fi bá a mu, ẹ má dá a padà sẹ́yìn. Ẹ ò ní í fọwọ́ kan ṣíìmù kankan nínú iṣẹ́ yìí, nítorí irin líle ni wọ́n, bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe máa wà.

Gíà ọ́ìlì EP90, lítà kan àti ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin (1.75), ló kún un. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ rọ ọ́ títí yóò fi máa kán jáde lẹ́nu ihò tí ẹ ti ń rọ ọ́, kí ẹ tó dé e. Àrọjù náà ń fa jíjò, á sì máa gba inú ásùlù lọ bá bíréèkì.

Ṣíìmù ti dàpọ̀

*Ẹ kú iṣẹ́. Mẹkáníìkì ni mí l'Ábẹ́òkúta. Mo tú dífúrẹ́ńṣà Series III 88 (èyí tó kúrú) kan láti pààrọ̀ bíárìn píníọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ mi kó gbogbo ṣíìmù pọ̀ sínú abọ́ kan láti fọ̀ wọ́n, a ò mọ èyí tó wá láti ibo mọ́. Ẹnìkan ní kí n gé agolo mínírà fi dí àlàfo tó bá kù. Báwo ni kí n ṣe tò ó?*

Agolo mínírà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Ó rọ̀, ẹrù tó ń bọ̀ lórí bíárìn yóò tẹ̀ ẹ́, bíárìn yóò sì tú láìpẹ́. Píníọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, eyín kíráùn, gíà ńlá tí píníọ̀n ń yí, á tẹ̀ lé e. Ṣíìmù tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò.

Ti àdàlù yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Oríṣi méjì péré ló wà lára píníọ̀n, wọn ò sì tóbi bákan náà. Èyí tó fẹ̀ ń jókòó lẹ́yìn kọ́ọ̀pù (òrùka òde tí rólà ń yí nínú rẹ̀) ti bíárìn inú, láàárín kọ́ọ̀pù àti ilé irin. Òun ló ń sọ bí orí píníọ̀n ṣe sún mọ́ kíráùn tó. Èyí tó kéré ń wọ ara ọ̀pá píníọ̀n, láàárín èjìká ọ̀pá àti bíárìn òde. Òun ló ń sọ bí bíárìn méjèèjì ṣe fún tó. Ẹ gbìyànjú wọn wò lára ọ̀pá, wọ́n á yà sọ́tọ̀ fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi máíkírómítà wọn ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iye wọn kò sọ nǹkan kan. Nínípọn wọn lẹ ń wá. Èyí tó bá ti ká tàbí tó ti ya, ẹ jù ú nù.

Kí ẹ tó tẹ̀síwájú, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fín sára píníọ̀n àti sára kíráùn. Ó gbọ́dọ̀ bára mu, torí a jọ lọ̀ wọ́n papọ̀ ni. Bí kò bá bára mu, ẹnìkan ti pa ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ ṣáájú yín, kò sì sí ṣíìmù tó lè mú un dákẹ́.

Ẹ fi iye ṣíìmù tó fẹ̀ tí ẹ bá ka jọ sẹ́yìn kọ́ọ̀pù inú, kí ẹ kan kọ́ọ̀pù dé ìdí. Ẹ to píníọ̀n, ṣíìmù kékeré, bíárìn òde àti fíláǹjì, láìfi síìlì sí i, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì dé 115 Nm. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ sí bíárìn, kí ẹ yí i nígbà mélòó kan kí rólà lè jókòó. Ẹ wé okùn mọ́ ara fíláǹjì, kí ẹ fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì fà á. Agbára tó ń yí i gbọ́dọ̀ wà láàárín 8 sí 14 kg-cm. Bí okùn yín bá jìnnà sí àárín ọ̀pá ní sẹ̀ǹtímítà 4, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ ka 2 sí 3.5 kg. Ìgbà tó bá ti ń yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí ẹ kà á. Èyí tó kà nígbà tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò lójú kan máa ń ga jù.

Bó bá le jù, ẹ fi ṣíìmù kún ti ara ọ̀pá. Bó bá rọ̀ jù, ẹ yọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ṣe òdìkejì èyí, torí wọ́n rò pé ohun tó bá nípọn ló ń fún nǹkan. Ṣíìmù ara ọ̀pá ń ti bíárìn òde sẹ́yìn kúrò nínú kọ́ọ̀pù rẹ̀ ni.

Ẹ gbé kíráùn wọlé báyìí. Fìlà bíárìn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní àmì, ẹ má pààrọ̀ ọ̀tún sí òsì. Ẹ fi nọ́ọ̀tì oníyín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti kíráùn síbí sọ́hùn-ún títí àyè tó wà láàárín eyín kíráùn àti ti píníọ̀n yóò fi wà láàárín 0.20 sí 0.25 mm lórí dáyà géèjì, aago tó ń wọn ìdá mílímítà. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin yí kíráùn po. Ẹ gbé dáyà sẹ́yìn kíráùn pẹ̀lú: kò gbọdọ̀ wọ́ ju 0.10 mm lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí tàbí irin tó yọ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá fi búlúù àwọn ẹnjiníà, tó ń fi ibi tí eyín ti ń fara kanra hàn, pa eyín bíi mẹ́wàá, kí ẹ di kíráùn mú díẹ̀, kí ẹ sì yí píníọ̀n. Ojú àmì tó bá jáde ló máa sọ òótọ́:

Bí ó bá wọ ìdí eyín, píníọ̀n ti sún mọ́ jù. Ẹ yọ ṣíìmù lẹ́yìn kọ́ọ̀pù inú. Bí ó bá wà ní ṣóńṣó eyín, ó jìnnà jù; ẹ fi kún un. Bí ó bá lọ sí etí òde kíráùn, ẹ ti kíráùn sún mọ́ píníọ̀n. Bó bá lọ sí etí inú, ẹ fà á sẹ́yìn. Àárín eyín lẹ ń wá.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni pé ṣíìmù ẹ̀yìn kọ́ọ̀pù ń yí bí bíárìn ṣe fún padà. Bí ẹ bá fi 0.05 mm kún un, kọ́ọ̀pù méjèèjì ti jìnnà síra ní 0.05 mm, bíárìn á sì fún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ fi 0.05 mm kan náà kún ti ara ọ̀pá. Bí ẹ bá yọ, kí ẹ yọ níbi méjèèjì. Ẹni tí kò ṣe èyí á rí búlúù tó dára, bíárìn rẹ̀ á sì jóná lójú ọ̀nà.

Síìlì ló gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀.

Síìlì wo ni kí n rà?

*Ẹ̀gbọ́n mi ní Series III nílé, èmi wà ní London. Mo fẹ́ ra síìlì píníọ̀n fi ránṣẹ́. Awọ ni wọ́n sọ pé ó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé kí n wá awọ?*

Rọ́bà ni kí ẹ rà. Nọ́ńbà FRC8220 ni wọ́n ń pè é lórí síìlì píníọ̀n Rover tí kò ní ilé tó dá dúró, wọ́n sì tún lò ó fún Defender, nítorí náà kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín kọ́kọ́ wo tiwọn, torí èyí tó ní ilé tó dá dúró gba síìlì tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ awọ nìkan lẹ rí, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jóná kó tó rọ̀. Ẹ ra méjì, kí ẹ fi sípílíìtì pínnì àti gáásíkẹ́ẹ̀tì dífúrẹ́ńṣà kún un. Ẹni tó bá máa rà á ní Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, kó mú fíláǹjì rẹ̀ dání, kó sì ti síìlì wọ̀ ọ́ lójú ẹni tó ń tà á.

Tèmi kò ṣeé fà jáde níwájú

*Land Rover 109, èyí tó gùn, ni tèmi. Mo tú puropẹ́là, mo fa sáìdì ṣáàfù yọ, ṣùgbọ́n n kò rí nọ́ọ̀tì tó mú dífúrẹ́ńṣà mọ́ ara ásùlù.*

Salisbury nìyẹn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ásùlù: bí ẹ bá rí ìdérí tí bóòtù yí ká, kò sí ohun tó ń jáde níwájú. Ẹ̀yìn ni kíráùn ń gbà jáde, ó sì ń fẹ́ irinṣẹ́ tó ń ya ilé irin díẹ̀ kó tó bọ́. Ẹ má fi ọ̀pá irin hú u jáde. Bí síìlì píníọ̀n nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀, kò kan kíráùn rárá, ẹ dá ìdérí yẹn padà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ nọ́ọ̀tì àárín. Òmíràn nínú Salisbury ní ṣíìmù líle, òmíràn tó dé lẹ́yìn ní páìpù tó ń rún mọ́ra láàárín bíárìn. Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì, ẹ fi puńṣì sàmì sí i àti sórí ọ̀pá, kí ẹ ka iye eyín ọ̀pá tó yọ síta. Ẹ dá a padà dé àmì yẹn gan-an. Bí ẹ bá fún páìpù yẹn kọjá ibi tó wà, ó ti rún tán nìyẹn, títú nọ́ọ̀tì sẹ́yìn kò ní mú un padà. Tuntun lẹ máa rà. Ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.5, EP90 kan náà.