Kí ẹ tó mú ọmọ lọ gbé ilé ìtọ́jú ọpọlọ

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 15, lọ gbé ilé ìtọ́jú ọpọlọ, nígbà tí lílọ-bíbọ̀ ọ̀dọ̀ dókítà kò ràn án. Ojú tèmi náà ti rí irú rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni ọmọkùnrin mi nígbà tí ó lọ, oṣù 4 gbáko ni ó sì lò.

Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tú àpò rẹ̀, ó fa okùn inú àwọn ṣòkòtò rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé ọ̀rọ̀ ikú tí ọmọ yìí ń sọ kì í ṣe eré. Àwọn ẹbí ń pe ibẹ̀ ní ilé wèrè. Etí ikún ni mo kọ sí wọn.

N kò kábàámọ̀ pé ó lọ. Ohun tí ó dùn mí ni àwọn ìbéèrè tí n kò béèrè kí n tó tọwọ́ bọ ìwé. Bí inú bá bí ọmọ débi tí ó ń ju nǹkan, ṣé wọ́n máa ń dì í mọ́lẹ̀ ni, àbí wọ́n máa ń tì í mọ́nú yàrá, ta ni ó sì ń pàṣẹ rẹ̀? Ẹnu ọmọ mi ni mo ti gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti òun nìkan mọ́nú yàrá. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kí òṣìṣẹ́ kankan tó bá mi sọ ọ́.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti ọdún 2004 ni FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sì ti pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ wà lára rẹ̀ pé ó lè mú kí èrò ìpara-ẹni pọ̀ sí i lọ́kàn àwọn ọmọdé. Fún èyí nìkan, mo dúpẹ́ pé ojú wà lára ọmọ mi tọ̀sán-tòru.

Ìpadàbọ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wa. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú wà lára ìgbà tí ewu pọ̀ jù, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní kí a fi dúró de dókítà tí yóò máa rí i. Láti ọjọ́ tí ọmọ yín bá wọ ilé ìtọ́jú ni kí ẹ ti gba ọjọ́ tí yóò rí dókítà yẹn sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí tí a kó gbogbo oògùn ilé sí, títí kan ti ẹ̀fọ́rí, ọrùn mi ni ó ṣì wà.