Ilé bíríkì Chelsea Market: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n yan bisikíìtì níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ilé bíríkì pupa ńlá kan nínú fídíò New York, Chelsea Market ni wọ́n pè é, wọ́n ní ilé bisikíìtì ni tẹ́lẹ̀, wọ́n tún ní rélùwéè ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ṣé kì í ṣe irọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló lé wọn kúrò?

ÌDÁHÙN: Irọ́ kọ́ rárá. Lọ́dún 1890 ni àwọn oníbúrẹ́dì àti onibisikíìtì kan para pọ̀ di New York Biscuit Company, àwọn ló kọ́lé síbẹ̀, nígbà tó di 1898 wọ́n tún da ara wọn pọ̀ mọ́ àwọn míì, ló bá di National Biscuit Company, ìyẹn Nabisco. Ibẹ̀ náà ni bisikíìtì Oreo ti jáde lọ́dún 1912 o!

Ti rélùwéè yẹn ló dùn jù. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọkọ̀ ẹrù ń gbà tẹ́lẹ̀ ní Tenth Avenue, láàárín èrò, ó ń pa èèyàn débi pé Death Avenue, ìyẹn Títì Ikú, ni wọ́n ń pe títì ọ̀hún, wọ́n tiẹ̀ ń ní kí àwọn kan gun ẹṣin ṣáájú ọkọ̀ kí wọ́n máa ju àsíá pupa (ẹ ṣáà wò ó, ẹṣin ló ń lànà fún rélùwéè). Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé irin yẹn lọ sókè, 1934 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gba inú ilé yẹn gan-an, wọ́n á já ẹrù lókè láìdé títì.

Ohun tó lé wọn ni ààrò. Ààrò ìgbàlódé gùn gbọọrọ, bisikíìtì á máa rìn lórí bẹ́líìtì wọlé níbí á jáde lọ́hùn-ún, ilé alájà púpọ̀ ò sì gba irú ẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́ lọ salalu ló ń fẹ́. Ni wọ́n bá kó lọ sí Fair Lawn ní New Jersey lọ́dún 1958.

Ọjà oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1997. Lójú tèmi o, ohun tó dáa jù tí wọ́n ṣe ni pé wọn ò rẹ́ bíríkì yẹn pa. Google ra ilé náà ní 2018, ó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là! Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ gun High Line, ojú irin àtijọ́ yẹn ló di páàkì látọdún 2009, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn gba inú ilé náà kọjá.