Bí ilẹ̀ mímì ṣe ń tú àṣírí àpáta yíyọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní báwo làwọn onímọ̀ ṣe ń mọ ibi tí àpáta yíyọ́ dé lábẹ́ òkè ayọnáyèéfín, nígbà tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o. Ilẹ̀ mímì ló ń tú u fó.

Àpáta yíyọ́ máa ń fi agbára la àpáta líle kó tó rí ọ̀nà kọjá, ibi tó bá sì ń là lọ́wọ́, ilẹ̀ á mì níbẹ̀. Ìgbì méjì látinú mímì náà ló máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ mímì: èyí tó yára á kọ́kọ́ dé, èyí tó ń fà á tẹ̀lé e. Bí àlàfo àárín wọn bá ṣe gùn tó ni ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ náà tó. Tí ẹ̀rọ bá pọ̀ yí òkè náà ká, wọ́n á mọ ojú ibẹ̀ gan-an.

Ẹ wo Bárðarbunga, òkè ayọnáyèéfín kan tí yìnyín bò ní Iceland. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì léraléra lábẹ́ yìnyín. Lórí máàpù, àmì tuntun tó ń fi ibi tí ilẹ̀ ti mì hàn ń yọ níwájú ti àná: wọ́n kọ́kọ́ forí lé gúúsù ìlà-oòrùn, wọ́n wá ṣẹ́rí sí àríwá ìlà-oòrùn. Nígbà míì wọ́n á dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á tún gbéra. Ìyẹn ló wú mi lórí jù! Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti rìn ju kìlómítà 40 lọ, iná sì sọ níbi tí wọ́n ń pè ní Holuhraun. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló fi jó.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn sí i pé gbogbo ìrìn bẹ́ẹ̀ ló ń yọrí sí iná. Òmíràn á dúró sínú ilẹ̀, á sì tutù síbẹ̀.