Ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́: ìdí iṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ka ohun tí ẹ kọ: pé ẹ rán àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí bọ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ wà bó ṣe wà, ọkàn wọn ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣe alábòójútó n'Íbàdàn láti ọdún pípẹ́, ojú mi sì ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí iṣẹ́ ni èèyàn ti ń kọ́ iṣẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ń po fúláwà ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó pò dáadáa, ojú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe yẹ kó wú tó kó tó wọ ààrò. Nígbà ọyẹ́, kì í tètè wú. Nígbà ooru, bí wọ́n bá gbójú kúrò lára rẹ̀ díẹ̀, ó ti kan. Kò sí àwòrán ara ògiri tó lè kọ́ èèyàn nìyẹn.

Ọ̀nà tó ràn wá lọ́wọ́ ti pẹ́. Láàárín 1940 sí 1945, nígbà ogun, àwọn ará Amẹ́ríkà nílò kí òṣìṣẹ́ tuntun tètè mọṣẹ́, ni wọ́n bá gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Training Within Industry. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn: àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tó ti mọ̀; ìkejì, ẹ ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀; ìkẹta, ẹ jẹ́ kí òun náà ṣe é, kó máa ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é; ìkẹrin, ẹ fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ máa padà wá wò ó. Lẹ́yìn ogun, ètò yìí dé Jàpáánì, Toyota sì gbà á mọ́ra.

Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ kẹta. Bí ẹ bá bi ọmọ iṣẹ́ pé “Ṣó yé ọ?”, “Ó yé mi, sà” ni yóò dáhùn, nítorí lọ́dọ̀ wa, ó ṣòro láti wojú ọ̀gá ká ní kò yé wa. Ẹ ní kó sọ ìdí tí omi gbígbóná fi ń pa yíìsì, ẹ ó sì rí ibi tí òye rẹ̀ dé. Ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń pa tì. Àwọn télọ̀ àti mẹkáníìkì wa kì í pa á tì ní tiwọn: ojú ọ̀gá wà lára ọmọ iṣẹ́ títí di ọjọ́ tó máa ṣe fíríìdọ̀mù.

Ti ọkàn wọn tó kúrò nídìí iṣẹ́ ló dùn mí jù. Níbi tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, bí fúláwà bá bàjẹ́, owó oṣù ẹni tó pò ó ni wọ́n ń gé. Kí ni àwọn ọmọ yẹn wá kọ́? Bí wọ́n ṣe ń da èyí tó bàjẹ́ mọ́ èyí tó dára, kó má baà hàn. Ìgbà tí oníbàárà bá dá ọjà padà la tó máa ń mọ̀. Nígbà tí mo di alábòójútó níbòmíràn, mo bẹ ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n má gé owó ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé “èyí ti bàjẹ́ o.” Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe tá à ń gbọ́ pọ̀ débi pé ẹ̀rù ba ọ̀gá àgbà, àmọ́ èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń jáde. Amy Edmondson, olùwádìí kan ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, rí irú rẹ̀ nílé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1990: àwọn ẹgbẹ́ tí àjọṣe wọn dán mọ́rán ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe òògùn wọn pọ̀ jù, torí pé ẹ̀rù ò bà wọ́n láti sọ ọ́.

Ní ti owó, bí òṣìṣẹ́ yín bá tó márùn-ún, òfin ní kí ẹ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo wọn lọ́dọọdún fún ITF (Industrial Training Fund), àjọ tó ń rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971. Ẹ lè gba tó ìdajì rẹ̀ padà bí ẹ bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín bó ṣe yẹ. Ẹ dé ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí àwọn yòókù ń sá tọ̀ bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin yẹn, kó lè máa kọ́ àwọn tó kù. Kí ẹ sì fi nǹkan kún owó oṣù rẹ̀ nítorí iṣẹ́ olùkọ́ yìí.