Àbúrò mi, má tìtorí Kérésìmesì gbà fún wọn

Àbúrò mi ní Ìsánlú, òkun o. O ní ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fi ọ́ ṣaya ní Lọ́kọ́ja fẹ́ gbọ́ èsì kí Kérésìmesì tó dé, o ti gbààwẹ̀ títí, o ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ Ọlọ́run, o wá ń bèèrè bóyá kí o ṣáà gbà kó má baà lọ. Bí Ọlọ́run bá ti fi í fún ọ, Kérésìmesì kan ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Máa gbàdúrà, fi tó àwọn òbí rẹ létí, ẹ wádìí ilé wọn. Ìwọ náà mọ ìyẹn.

Èyí tí wọn kì í sọ fún èèyàn ni ti jẹ́nótáìpù, irú ẹ̀jẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ òbí: AA, AS, tàbí SS tí í ṣe àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Wọ́n ti wá tọrọ mi ní Kàbà nígbà yẹn, aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀. Ilé àyẹ̀wò kan ti kọ AA fún mi látìgbà tí mo wà níléèwé. Ọkùnrin náà jẹ́ AS, ọkàn wa balẹ̀. Ẹ̀yìn tí a ti náwó tán ni ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ rántí pé ká tún un ṣe. AS ló jáde. Mo lọ síbòmíràn, AS náà ni. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó kọ AA, ẹni tó wà nídìí tábìlì ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní bóyá ìwé ẹlòmíràn ni mo mú wá. Orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀ gbagada! Ó ní kí n yẹra, èèyàn wà lẹ́yìn mi.

Ti àwọn ẹni Ọlọ́run ló tún wá dùn mí jù. Ìgbìmọ̀ tó ní ká lọ ṣàyẹ̀wò yìí kan náà ló pè wá sẹ́yìn pé owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ká lo ìgbàgbọ́. Wòlíì kan tó wá ṣe ìsọjí ní Ọlọ́run ti sọ ọ́ di AA. Mo ní ṣé kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la? Ó ní àìgbàgbọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní tí a bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ni yóò jẹ́ SS. Irọ́ ni o! Tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 1 nínú 4 tirẹ̀ láti jẹ́ SS. Mẹ́ta lè jẹ́ SS, ó sì lè máà sí rárá. Mo ti gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ́ra lóru, mo mọ bó ṣe ń ké tí eegun bá ń ro ó. A tú ètò náà ká.

Ìgbà yẹn ni ìdúró gangan bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní kí àwọn tó ń wá ọkọ jáde fún àdúrà, ojú mi ni gbogbo ìjọ ń wò. N kì í jáde. Jẹ́nẹ́sísì 24 ni mò ń kà. Kí ìránṣẹ́ Ábúráhámù tó parí àdúrà ni Rèbékà ti yọ, ó sì ṣe gbogbo ohun tó tọrọ. Síbẹ̀ ìránṣẹ́ náà dákẹ́, ó ń wò ó, ó tún bi í pé ọmọ ta ni. Ẹni tí àdúrà rẹ̀ gbà lójú ẹsẹ̀ ṣì bèèrè!

Títí dòní n ò gbọ́ ohùn kankan, mo sì ti wà nílé ọkọ, mo ti bímọ. Ẹni tí mo fẹ́ yìí, kò sí ìbéèrè tí mo bi í tó bí i nínú. Òun gan-an ló ní ká ṣàyẹ̀wò níbi méjì.

Ẹ jọ lọ, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín níṣojú ara yín. Má gba fọ́tò èsì lórí WhatsApp. Ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọ, ẹ ṣe èkejì ní Lọ́kọ́ja. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín lára láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn máa ń da èsì rú. Má sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òun ń rí ọkọ rẹ lójú ìran.

Ní ti àwọn ará Lọ́kọ́ja, sọ fún wọn pé èsì rẹ di ìgbà tí èsì àyẹ̀wò méjèèjì bá jáde. Kí wọ́n máa jẹ ìrẹsì Kérésì wọn lọ ná.